Mọ́sáláṣí Tó Kọjú sí Ilé-Yìnyín

Ọdún mẹ́rin gbáko ni gbogbo abúlé apẹja náà fi kọjú sí ilé-yìnyín kírun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni àgbà, géńdé, àti arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn máa ń ṣe àlùwàlá, tí wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á to ìlà gbọọrọ, tí wọ́n á sì fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun forí balẹ̀ síhà ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí kó má baà rà. Baba Kọ́ńpáàsì ló kó wọn sí i.

Bàbá náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú ṣáájú rẹ̀. Kọ́ńpáàsì tó máa ń so kọ́rùn ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun róbótó kan ni, tó ní abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n nínú, tó sì ní páálí kékeré kan lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà tí wọ́n kọ àmì sí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa sàmì kan sójú páálí yẹn, tó fi ń mọ kíbúlà, ìyẹn ibi tí mùsùlùmí ń kọjú sí kírun. Bó bá ń lọ sójú omi, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá ń lọ kí aláìsàn, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ rọra béèrè bóyá ó máa bọ́ ọ kó tó sùn.

Nígbà tí ìjì wá gbé òrùlé mọ́sáláṣí àtijọ́ jù sínú òkun, tí ará ìlú sì pinnu pé búlọ́ọ̀kù làwọn máa fi kọ́ tuntun, ta ni wọ́n tún fẹ́ pè kó wá júwe kíbúlà? Baba Kọ́ńpáàsì wọ jalamíà funfun, ó dé bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba oyè.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ló wí. "Ẹ má fi òjìji yín bò ó."

Wọ́n sún. Ó tẹjú mọ́ kọ́ńpáàsì, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wúkọ́. Ó dákẹ́ pẹ́ títí tí àwọn kan fi rò pé ó ti ń ṣàdúà. Nígbà tó yá, ó gún igi mọ́lẹ̀. "Ibí yìí ni. Ẹ gbẹ́ ẹ." Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ yìí, apẹja ni gbogbo wọn, ìràwọ̀ àti oòrùn ni wọ́n fi ń tọ́ ọ̀nà wálé láti ojú agbami. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n mọ ọ́n, wọ́n fi páànù bò ó, ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan.

Ó di ọdún kẹrin kí àáfà àlejò kan tó wá ṣe wáàsí. Bó ṣe wọlé, ó dúró, ó wo fèrèsé, ó wo ògiri, ó tún jáde lọ wo oòrùn. Òun náà yọ kọ́ńpáàsì lápò, ó wò ó, ó ní ilé náà ò kọjú sí kíbúlà. Nígbà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ pe Baba Kọ́ńpáàsì, gbogbo ọkùnrin abúlé ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Àáfà," ni bàbá náà wí, "kọ́ńpáàsì tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ọdún wo lẹ rà á?"

"Èṣí ni, Baba."

"Èṣí! Ọmọ ọdún kan! Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣé ọmọ ọdún kan ló fẹ́ máa bá àgbà jiyàn?"

Àáfà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sókè. "Oòrùn ńkọ́, Baba? Òun náà, ọmọ ọdún kan ni?"

Baba Kọ́ńpáàsì wo oòrùn. Ó wo mọ́sáláṣí. Ó tún wo oòrùn. "Ilẹ̀ ló yí," ló wí.

"Ilẹ̀ ṣe kí ni?"

"Ó yí. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó gún. Etí òkun la wà, iyanrìn ló wà lábẹ́ wa, iyanrìn a sì máa rìn. Mọ́sáláṣí yín ló ti rìn. Ẹ lọ mú un wálé."

Wọn ò lè wó ilé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà wíwọ́ sílẹ̀ mọ́sáláṣí kí wọ́n lè kọjú sí kíbúlà, igun yàrá sì ni Lémọ̀mù wá ń dúró sí báyìí. Títí dòní, bí àlejò bá wọ ibẹ̀, tó bá fi ògiri ṣe òdiwọ̀n, á rí i pé òun nìkan ló dúró gbọọrọ láàárín àwọn tó wọ́. Baba Aláṣọ, tó sanra jù lọ nínú wọn, kò gbọdọ̀ bọ́ sí igun apá òsì, nítorí lọ́jọ́ tó bọ́ síbẹ̀, nígbà tó tẹ̀ ní rúkúù, ògiri gbá a lórí.

Ìtàn yìí ni wọ́n tún ń sọ lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin Baba Kọ́ńpáàsì, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, wọ́n ti ṣàdúà tán, ẹnu sì ti dùn. Àwọn obìnrin wà nínú yàrá, aṣọ ìkélé sì wà láàárín. Lábúlé yẹn, ohùn obìnrin kì í kọjá aṣọ níbi tí ọkùnrin bá pé jọ sí. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, á pe ọkọ rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ sétí aṣọ, ìyẹn á sì bá a sọ ọ́.

Ìyá Aláwọ̀n, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Baba Kọ́ńpáàsì bí, ló jókòó sún mọ́ aṣọ ìkélé náà jù. Àwọ̀n tó ń tún ṣe fáwọn apẹja kí bàbá tó kú ṣì wà lórí ìṣó, kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lóde, bẹ́ẹ̀ ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ dé "ilẹ̀ ló yí". Ọkọ rẹ̀ tún wá jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé-yìnyín. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe yìgì wọn gan-an, ẹnì kan pariwo pé Baba Kọ́ńpáàsì mà gbọ́n o, pé ó ti kọjú gbogbo ìlú sí ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ kó tó fọmọ fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá sọ pé àsìtàfúrúlà.

Ìtìjú bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ ti sẹ́ ẹ rí. Nínú ọjà ìlú ńlá, obìnrin kan bi í pé ṣé òun kọ́ ni ọmọ ẹni tó yí mọ́sáláṣí, ó sì dáhùn pé, "Rárá o, àdúgbò kan náà la ti wá." Ó rìn kánmọ́-kánmọ́ kúrò níbẹ̀, ojú sì gbà á tì débi tó gbàgbé ohun tó wá rà. Ìtìjú mìíràn ló wà lábẹ́ ìyẹn, tó burú jù ú lọ, tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Òun ló ba kọ́ńpáàsì náà jẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó so kọ́ńpáàsì kọ́ ìṣó. Ó wu ọmọ náà kó mọ ohun tó ń gbé inú rẹ̀ tó ń mú abẹ́rẹ́ gbọ̀n. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó gùn ún, ó mú un, ó fi ọ̀bẹ tú u lẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Páálí tí wọ́n kọ àmì sí ló já bọ́ sílẹ̀. Ó mú ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú ọkọ̀, ó fi lẹ páálí náà padà, ó pa á dé, ó gbé e kọ́ ìṣó. Ó lẹ̀ ẹ́ ní wíwọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìjì gbé òrùlé mọ́sáláṣí lọ.

"Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹja fún yín," ni Baba Káfíńtà ń wí lóde. Òun ló kan ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ abúlé náà, ó máa ń bá olóògbé lọ sójú omi, òun sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kù láyé. "A rí ọ̀wọ́ ẹja lọ́jọ́ kan, omi dúdú fún ẹja. Ọ̀gá ní ká dúró, pé ìrun àsárì ti tó. A ní, 'Ọ̀gá, ẹja rèé!' Ó ní, 'Ibo ló fẹ́ lọ? Inú omi náà ló ń gbé.'"

Ẹ̀rín sọ.

"Ló bá yí imú ọkọ̀ sí kíbúlà. Kò tíì mú kọ́ńpáàsì síta o! Ìgbà tó yí ọkọ̀ tán ló wá wò ó, ó mi orí, ó ní, 'Òun náà rí i bí mo ṣe rí i.' Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í bi kọ́ńpáàsì léèrè, ńṣe ló máa ń sọ fún un. Ó ní kí mẹ́rin nínú wa máa fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú kó má yí, kí àwọn yòókù kírun, lẹ́yìn náà ká pààrọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ súrà kan, ẹ̀yin èèyàn, súrà náà ò tán. Apá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Nígbà tá a máa fi sálámà parí ìrun, ẹja ti dé ìlú kejì."

"Ó ní kí ló sọ?" ni Baba Aláṣọ béèrè, ẹni tó ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún.

"Ó ní ẹja tí kò lè dúró de ìrun, ẹ̀gún rẹ̀ máa pọ̀."

Ìyá Aláwọ̀n gbọ́ tí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ìborùn di ẹnu rẹ́rìn-ín. Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ Ladani, ẹni tó ń pe ìrun, ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Káfíńtà, ó ń sọ ti páànù. Baba Kọ́ńpáàsì ká páànù bí ìwo ńlá, ó so ó mọ́ fèrèsé mọ́sáláṣí, kí ohùn Ladani lè dé etí àwọn tó wà lójú omi. Ìpè àkọ́kọ́ dùn, ó dé ibi tó yẹ kó dé. Nígbà tí Ladani pe ìrun tán, ó jókòó sábẹ́ ìwo náà láti sinmi, ó sì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Mo ní ọbẹ̀ àná ló tún gbé fún mi," ni Ladani fúnra rẹ̀ wí, ẹni tí kò léyín mọ́ báyìí. "Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní kí n lọ fẹ́ mọ́sáláṣí. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà lójú omi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kí mi, 'Ẹ kú ìrọ́jú o, Ladani.' Kí n tó délé, ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré lọ bá Baba Kọ́ńpáàsì pé kó tú ìwo rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣẹ̀, ẹnu ló ṣẹ̀."

Ọdún kan ni ìyàwó Ladani ò fi kí Ìyá Aláwọ̀n. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń fà. Ìyá Aláwọ̀n a fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, á pọn omi tirẹ̀, á máa lọ. Bàbá rẹ̀ ò mọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ ń rí, ọ̀nà àtiso ìwo kejì ló ń rò.

Ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀. Baba Káfíńtà nu ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin èwe," ló wí, "ẹ mọ ìdí tí ọ̀gá fi kúrò lójú omi?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn ún," ni ẹnì kan dáhùn. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ nìyẹn. Ohun tí Ìyá Aláwọ̀n náà mọ̀ nìyẹn. Ẹni àádọ́ta ọdún ni bàbá rẹ̀ nígbà tó gbé ọkọ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, tó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tó fi ń gbé igbá ẹja títí tó fi pé ọgọ́rin! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gún igi kíbúlà, èmi àti òun la jókòó síbẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán. Oòrùn ń wọ̀. Ó ní, 'Káfíńtà, ibo lo ti rí oòrùn?' Mo nàka sí i. Ó ní, 'Èmi náà rí i níbẹ̀. Kọ́ńpáàsì ò rí i bẹ́ẹ̀.' Ó ní, 'Ọgbọ̀n ọdún, òun àti ojú mi ò jiyàn rí. Ẹ̀rọ kì í sì darúgbó. Ojú mi ló lọ. Ojú tó ti lọ kò gbọdọ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ sójú òkun.' Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, òun á fi òróró ẹja rin ojú mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ojú tó ń rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn! Kọ́ńpáàsì ní ó ti fọ́jú, ó sì gbà!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin Ìyá Aláwọ̀n wà níbẹ̀, àwọn náà ń fi bàbá ìyá wọn rẹ́rìn-ín.

Nínú yàrá, Ìyá Aláwọ̀n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi rò pé ẹ̀sín ni òun kó bá bàbá òun. Kò mọ̀ pé òun ló gba òkun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí bí bàbá náà ṣe máa ń jókòó sétí omi láràárọ̀, tí á máa wo ọkọ̀ tó ń lọ, tí á máa dá sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ fà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Ẹ ṣeun." Ó rántí bó ṣe dúró níwájú àáfà àlejò, tó ní ilẹ̀ ló yí. Ó wá yé e. Bí ó bá gbà pé kọ́ńpáàsì parọ́, a jẹ́ pé lásán ló fi ojú omi sílẹ̀. Ó sàn fún un kí ilẹ̀ yí.

Ó pe ọkọ rẹ̀ sétí aṣọ.

"Baba wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni."

"Pé ìwọ ni kí ni?"

Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́, bó ṣe tú kọ́ńpáàsì, bó ṣe lẹ páálí.

"Ìyá wọn," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "ṣé ẹnì kan bi ọ́ ni? Wọ́n ti sin ín. Inú wọn dùn. Ọmọ wa wà níbẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ báyìí, láti òní lọ, ìwọ ni wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀."

"Èmi ò lè sọ ọ́. Forí jì mí. Ojú ń tì mí."

"Ojú ń ti èmi náà," ni Ìyá Aláwọ̀n wí. Ó dìde. Àwọn obìnrin rò pé ó fẹ́ lọ mu omi. Ó dúró gbọn-in sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì gbé ohùn rẹ̀ kọjá á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá. Ojú rẹ̀ ò lọ."

Ẹ̀rín gé lójijì. Ẹnì kan wí pé, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ọmọ olóògbé. Ojú bàbá mi ò lọ, ilẹ̀ ò sì yí. Èmi ni mo tú kọ́ńpáàsì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Páálí inú rẹ̀ já, mo fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ ní wíwọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sọ. Nígbà tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín, mo gbọ́, mi ò sọ. Èmi ni mo kọjú yín sí ilé-yìnyín. Ẹ má fi bàbá mi rẹ́rìn-ín mọ́, èmi ni kẹ́ ẹ fi rẹ́rìn-ín."

Ó gbọ́ òkun, ó gbọ́ ìkọ́ Ladani.

Lémọ̀mù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó lòun náà ti dà, ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí, òun ni Lémọ̀mù tuntun. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ nígbà yẹn?"

"Mọ́kànlá."

"Ọmọ tí kò tíì bàlágà, a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn."

"Lémọ̀mù, mo ti bàlágà láti ogójì ọdún, mi ò sì sọ ọ́."

Baba Káfíńtà ló sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ mọ́.

"Ẹ dúró ná. Mi ò sọ ìtàn yẹn tán. Nígbà tó bi mí níbi tí mo ti rí oòrùn, ibi tó ti rí i náà ni mo ti rí i. Ó bi mí pé, 'Ṣé ojú mi ló lọ, Káfíńtà?' Mo mọ̀ pé kò lọ. Mo ní, 'Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá.'"

"Kí ló dé?" ni Lémọ̀mù béèrè.

"A ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Bí mo bá ní kọ́ńpáàsì ló wọ́, á ní ká tún un gbẹ́. Ọwọ́ mi ti bó." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta bí ẹni pé ó ṣì bó síbẹ̀. "Nítorí ọwọ́ tó bó, mo jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi gbà pé òun ti fọ́jú."

Baba Aláṣọ wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Etí òsì mi," ló wí.

"Kí ló ṣe etí yín?"

"Bí a bá ń kí ìrun ìrọ̀lẹ́ nínú mọ́sáláṣí yẹn, oòrùn á gba fèrèsé wọlé, etí òsì mi á máa gbóná. Bí ó bá jẹ́ kíbúlà la kọjú sí, ẹ̀yìn ọrùn ni ì bá máa pa mí. Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Tèmi náà gbóná," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Tèmi ṣí awọ," ni Ladani wí.

Wọ́n wo Lémọ̀mù. Lémọ̀mù wo ẹní tó jókòó lé. "Èmi ni mo dúró síwájú," ló wí wẹ́rẹ́. "Tèmi ló kọ́kọ́ gbóná. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní Lémọ̀mù tuntun ti ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, kò sẹ́ni tó mọ ẹni náà. Ó ran àwọn yòókù. Àmọ́ ẹ̀rín yìí kò jọ ti ìṣáájú, nítorí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú wọn, ilẹ̀ ló ń wò. Àwọn àgbà onírùngbọ̀n tó ń fi ìràwọ̀ wálé lójú agbami, etí wọn gbóná fún ọdún mẹ́rin, wọn ò lanu. Baba Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ gan-an.

"Ká ní ẹnì kan nínú wa sọ fún un," ló wí, "ẹnì kan péré. Ì bá bú olúwa rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ì bá sì padà sójú omi. Ọ̀gá mi! Kò sí atukọ̀ bí i tirẹ̀ mọ́ létí omi yìí. Mi ò sì sọ ọ́ fún un rí."

Àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ tó. Èrò pọ̀, Lémọ̀mù ní inú àgbàlá níbẹ̀ làwọn máa kí i. Ladani pe ìrun. Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n gbọn ẹní wọn. Abúlé wọn ni, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, kò sí ọmọ ọdún méje níbẹ̀ tí kò mọ ibi tí kíbúlà wà. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹní. Lémọ̀mù ti kọjú sí aṣọ ìkélé.

"Ìyá Aláwọ̀n," ló pè. "Ibo la máa kọjú sí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa fóònù rẹ̀ yọ láti wò ó. Baba Káfíńtà gbá a lọ́wọ́. "Fi nǹkan yẹn sápò. Ọmọ ọ̀gá mi la bi."

Ọwọ́ Ìyá Aláwọ̀n nìkan ló yọ létí aṣọ, ọwọ́ tí okùn àwọ̀n ti gé lọ́pọ̀ ìgbà, ó nàka. Gbogbo wọn yí sí ibi tó nà. Ọkọ rẹ̀, tí ojú ti tì láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní tirẹ̀.

Wọ́n to ìlà, ìlà náà sì gún. Ìyá Aláwọ̀n dúró sẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ojú ṣì ń tì í, ó sì mọ̀ pé á máa tì í fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kírun tán, wọ́n sálámà, àwọn yòókù dìde, òun ò dìde. Ó gbé iwájú orí lé ẹní, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lábúlé yẹn ò sọ fún bàbá náà nígbà tó wà láyé.

"Baba mi, ojú yín ríran."